Corolla 2005 àbí 4Runner 2005: èwo ni kí n gbé nínú àlòkù méjèèjì yìí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣì í rà. Àlòkù méjì ló wà níwájú mi, iye tí wọ́n ń pè wọ́n ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ìyẹn gan-an ló dà mí lọ́kàn rú torí ká ní ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ dáadáa ni, àpò mi ì bá ti bá mi yàn.

Èyí àkọ́kọ́ ni Toyota Corolla 2005, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọ́tò, táyà iwájú ló ń fà á, ó ti rin 238,000 kìlómítà. Èkejì ni Toyota 4Runner 2005, V6 4.0, ọ́tò lòun náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́ pọ̀ tèèyàn bá fẹ́, òun ti rin 197,000.

Bí mo ṣe ń lo mọ́tò rèé. Iṣẹ́ ni lójoojúmọ́, àlọ àtàbọ̀ 60 kìlómítà, ọ̀dà ni gbogbo ẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, 6 kìlómítà tó gbẹ̀yìn ọ̀nà yẹn ilẹ̀ lásán ni, tójò bá ti rọ̀ ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, òkè kékeré kan tún wà níbi tó burú jù. Èmi, ìyàwó mi àtọmọ mẹ́ta la wà nílé. Orúnkún ń da màmá láàmú, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, nítorí náà bí wọ́n á ṣe wọlé bí wọ́n á ṣe jáde ṣe pàtàkì sí mi gan-an.

Ká sòótọ́, 4Runner yẹn lọkàn mi fà sí, ó ga, ó ki, téèyàn bá jókòó sínú ẹ̀ á rí iwájú dáadáa. Ìyàwó mi ní Corolla ni. Ẹ bá wa dá sí i.

Èsì kìíní

Àbúrò, o káre tóo béèrè kóo tó sanwó. Mo ti lo irú méjèèjì, Corolla fún ọdún mẹ́fà, 4Runner ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dòní, torí náà mi ò ní bú ọ̀kan nítorí èkejì.

Gbé bírò kóo kọ́kọ́ ṣírò epo. Corolla yẹn, tóo bá pa ìgboro pọ̀ mọ́ ọ̀nà jíjìn, bíi lítà 8 ló ń mu ní 100 kìlómítà. 4Runner V6 tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi lítà 14, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á tún jù bẹ́ẹ̀. O ní 60 lóòjọ́, ní ọjọ́ márùn-ún 300 kìlómítà nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Corolla á mu lítà 24, 4Runner á mu 42. Lítà 18 ni ìyàtọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀, tí ọdún bá fi máa yí po ó ti lé ní 900 lítà, ibi iṣẹ́ nìkan sì ni o, a ò tíì ka ọ̀dọ̀ màmá mọ́ ọn, a ò ka ilé ìwòsàn, a ò ka ilé ìwé àwọn ọmọ. Fi iye tóo ń ra lítà kan sọ ọ́ dowó kóo wá wo ojú ìyàwó ẹ kóo tún sọ fún un pé 4Runner lo fẹ́.

Epo nìkan tún kọ́ o. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ Corolla, 195/65R15 ló máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, 4Runner ń wọ 265/70R16 tàbí 265/65R17, owó táyà jíìpù mẹ́rin ò sì jọ tàwọn kéékèèké rárá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì Corolla ò pé lítà 4, ti 4Runner lé ní 5. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin, plọ́ọ̀gì mẹ́fà. Corolla, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà ló ní, ó parí, àmọ́ onítáyà mẹ́rin yìí ní dífù iwájú, dífù ẹ̀yìn (jíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti tòsì), àti àpótí tó ń pín agbára fún wọn láàárín, kálukú wọn ló ní ọ́ìlì tiẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí. Corolla ò ju bíi 1,150 kílò lọ, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, bíréèkì, bọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, gbogbo wọn ló ń ru ìyàtọ̀ yẹn.

Kí ló wá dé témi ṣì ń lo jíìpù? Mo ń fi tèmi wọ́ tírélà kékeré ni, iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi ló ń bu epo fún ara ẹ̀. Ká ní mi ò níṣẹ́ yẹn ni, mi ò ní gbé e lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́.

Èsì kejì

Mẹkáníìkì ni mí, ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i lọ́nà tèmi. Mọ́tò tó bá ti ń bá ogún ọdún ṣeré, orúkọ tó wà lẹ́yìn búùtù ẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, ọwọ́ tó ti lò ó ló kù. Mo ti rí Corolla tó ti kú pátá ní 150,000, mo sì ti rí 4Runner tó kọjá 400,000 tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nítorí náà ẹ má tíì yan Corolla, ẹ má tíì yan 4Runner, méjì péré tó wà nílẹ̀ yẹn lẹ máa yàn nínú ẹ̀, ẹ lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i láàárọ̀ yẹn rárá. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ bá dé, tó bá ti gbóná a jẹ́ pé wọ́n ti mú un gbóná dè yín, ẹ padà lọ́jọ́ míì. Mọ́tò tó ń mu ọ́ìlì, tó ní ariwo ṣéènì, tó ń tú èéfín búlúù, ìgbà tó bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́.

Ti 4Runner ná. V6 4.0 yẹn ṣéènì ló fi ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ níbàámu, kò ní bẹ́lítì táímìnì, V8 4.7, ìyẹn ẹ́ńjìnnì kejì tó wà fún 4Runner, ló ní bẹ́lítì tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní bíi 145,000 kìlómítà, tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun ti yí bẹ́lítì táímìnì V6 tuntun, ẹ mọ̀ pé kò mọ nǹkan tó ń sọ nípa mọ́tò ẹ̀. Rédíétọ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ ṣí, nígbà tó bá tutù o, ẹ má dá a lásà nígbà tó bá gbóná. Ọ́ìlì gíà ń gba inú rédíétọ̀ yẹn kọjá kó lè tutù, tó bá wá darúgbó tó jẹ inú, omi àti ọ́ìlì gíà á dà pọ̀ mọ́ra, tí gíà bá sì ti mu omi ó ti parí nìyẹn. Tẹ́ẹ bá rí i tó dà bíi mílíìkì tí wọ́n po nǹkan pupa mọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Tó bá mọ́ tónítóní, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yí rédíétọ̀ gbẹ̀yìn, tó bá jẹ́ èyí tó bá wá láti ilé iṣẹ́ ni, ẹ ṣírò owó rédíétọ̀ tuntun mọ́ iye tẹ́ẹ fẹ́ rà á. Ọ̀nà míì wà, wọ́n lè so kúlà kékeré kan síwájú fún ọ́ìlì gíà kó má gba inú rédíétọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà kọ́nọ́bù tí wọ́n fi ń pe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yí i sí gbogbo ibi tó ní, ẹ wo iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná yẹn gbọ́dọ̀ dúró, kò gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú títí. Tẹ́ẹ bá fẹ́ yí i sí 4L, ìyẹn ibi tó lágbára tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi gíà sí N kẹ́ẹ tó yí i. Mọ́tọ̀ kékeré kan ló ń ṣiṣẹ́ yẹn lábẹ́, tí wọn ò bá lò ó fún ọdún mélòó kan á gan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra jíìpù, wọn ò fọwọ́ kan kọ́nọ́bù yẹn rí, ọjọ́ tí wọ́n wọ ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé táyà méjì ni wọ́n ń gùn látọjọ́ yìí. Ẹ tún wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré gbá ṣáàsí lápá ẹ̀yìn nítòsí táyà, tó bá ń dún kẹ́kẹ́ ó dáa, tó bá ń dún bọ́tọ́bọ́tọ́ tí èèpo ìpẹtà ń já bọ́, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá tó bá ti gbé níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín. Gíà ẹ̀ ò ní igi tẹ́ẹ lè fà yọ fi wo ọ́ìlì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó ṣe é.

Ti Corolla ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣéènì ló ní lòun náà. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní 1ZZ, àwọn àkọ́kọ́ tó ṣáájú 2002 ló lórúkọ burúkú nídìí mímu ọ́ìlì, wọ́n ti tún un ṣe kó tó di 2005, àmọ́ ní 238,000 ẹ ṣì fa igi ọ́ìlì yọ, kó má wá sílẹ̀ jù. Tiẹ̀ ní igi ọ́ìlì gíà, kí ọ́ìlì yẹn pupa, kó má dúdú, kó má máa rùn bí nǹkan tó jóná. Ẹ yí sítíárì dé òpin ní ibi gbalasa, ẹ máa yí po, tẹ́ẹ bá gbọ́ ta-ta-ta, CV joint ti lọ, ìyẹn oríkèé ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó bóyá ó ti ya. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsí ẹ̀ wá a bóyá wọ́n ti yí airbag ẹ̀ (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde nígbà ìkọlù), torí Corolla ìgbà yẹn wà lára àwọn tí wọ́n pè padà lórí airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é.

Méjèèjì, ẹ so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́ ọn. Tí kò bá sí kóòdù kankan ẹ má tíì yọ̀, ẹ wo àwọn mònítọ̀ ẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá fi hàn pé wọn ò tíì rẹ́dì, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti pa kóòdù rẹ́ tàbí kó ti yọ bátìrì láìpẹ́ yìí.

Ẹni tó béèrè

Ọ̀gá mẹkáníìkì, Ọlọ́run á bùkún yín, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n, lítà 900 yẹn gbá mi láyà, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó ṣì ń dẹ́rù bà mí ni òkè ẹlẹ́rẹ̀ yẹn. Ṣé Corolla lè gùn ún? Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú màmá nínú mọ́tò.

Èsì kẹta

Ẹ kúulé o. Obìnrin ni mí, mọ́tò kékeré tí táyà iwájú ń fà ni mò ń wà, ọdún kẹjọ rèé tí mò ń fi wọ ọ̀nà tí àwọn èèyàn ní jíìpù nìkan ló lè gbà. Ẹ gbọ́, nínú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíà wà lórí táyà tó ń fà gan-an, ìwúwo yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó fi ń rí ilẹ̀ dì mú, ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ibi tó lè dé. Ibi tó ti máa ń ṣojo ni òkè, torí tí mọ́tò bá gbé imú sókè ìwúwo á fà sẹ́yìn, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Èmi kì í dúró sídìí òkè, mo máa ń bá eré díẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò ní tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátá, mi ò sì ní yọ ẹsẹ̀ lójijì, tí táyà bá ti ń yí lásán mo máa dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ títí tó fi máa rí ibi dì mú. Tí kò bá gùn ún, ẹ má bá a jà, ẹ fi ríféèsì sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ẹ má yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí òkè.

Àmọ́ mo rò pé ohun tẹ́ẹ ń bẹ̀rù yẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ẹ bẹ̀rù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ fífà ló ń dá mọ́tò kékeré dúró, ìdí ẹ̀ ló máa ń fi jókòó. Ibi tí táyà àwọn ọkọ̀ ńlá bá ti gbẹ́ kòtò méjì sílẹ̀, àárín á ga bí ebè, mọ́tò kékeré á gùn lé e, táyà á wà nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí mo ṣe kí n tó ra tèmi rèé: mo mú igi kan, mo wọn ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lábẹ́ mọ́tò, lọ́dọ̀ àwo ọ́ìlì, mo fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Mo wá mú igi yẹn lọ sójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, mo ń kì í bọ inú kòtò ní gbogbo ibi tó burú. Tí kòtò bá mu igi kọjá àmì, mọ́tò ò lè gba ibẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ò sí. 4Runner ga ní bíi 23 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ló fi ń kọjá, kì í ṣe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan.

Táyà náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú 2019. Táyà tuntun lẹ́sẹ̀ Corolla sàn ju táyà tó ti pá lẹ́sẹ̀ jíìpù lọ nínú ẹrẹ̀, mo ti fojú mi rí i, èmi ni mo kọjá, wọ́n sì ń fi okùn fa jíìpù.

Èsì kẹrin

Ẹ má bínú o, gbogbo yín ń ti arákùnrin yìí lọ sí Corolla, kò sì sẹ́ni tó ka èèyàn inú mọ́tò. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Tí méjì nínú wọn bá ṣì ń lo ìjókòó ọmọdé, ẹ lọ gbé ìjókòó méjì sẹ́yìn Corolla kẹ́ẹ wò ó bóyá ọmọ kẹta á ráàyè fi ìdí lé, kó tún fọwọ́ kan bẹ́líìtì ẹ̀. Mo ṣe é fún ọdún méjì, ìjà ni lójoojúmọ́. Tí màmá bá sì fẹ́ bá wọn lọ, àwọn mẹ́fà nìyẹn, Corolla márùn-ún ló ń gbà. Nínú 4Runner àwọn kan wà tó ní ìjókòó ìlà kẹta, ẹ bá wa wò ó bóyá tiyín wà níbẹ̀. Ẹrù ńkọ́? Epo á wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa ka lítà ká wá gbàgbé ọmọ.

Pé ó wúwo tó sì ga náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi wà nínú èyí tó tóbi.

Èsì kejì (mẹkáníìkì)

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí, òótọ́ lẹ sọ lórí ìjókòó, mi ò ronú kan ibẹ̀. Lórí ààbò, ẹ jẹ́ n fi kékeré kún un. Ìwúwo lè gbani nígbà ìkọlù, àmọ́ gíga yẹn ló ń jẹ́ kí jíìpù máa dojú dé ju mọ́tò kékeré lọ tí dírẹ́bà bá yà bàrá lórí eré. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣiṣẹ́ ò sì kan bíréèkì, ó ń jẹ́ kẹ́ẹ gbéra ni, kò jẹ́ kẹ́ẹ dúró. Mọ́tò gbogbo, tó tóbi tó kéré, táyà mẹ́rin ló fi ń dúró. Àwọn tó ń wa jíìpù nínú òjò bíi pé ọ̀nà gbẹ, àwọn la máa ń lọ wọ́ nínú kòtò.

Ohun míì tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: tẹ́ẹ bá fi 4Runner yẹn sórí táyà méjì, ẹ̀yìn ló ń tì í. Tí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ fúyẹ́, ó lè fẹ́ yọ̀ lójú ọ̀nà tó tutù. Ẹ fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tójò bá ń rọ̀, ti V6 yìí ní dífù láàárín tó jẹ́ kẹ́ẹ lè lò ó lórí ọ̀dà láìba nǹkan kan jẹ́, àyàfi tẹ́ẹ bá tẹ bọ́tìnì tó ń ti àárín pa, ìyẹn fún ẹrẹ̀ àti iyanrìn nìkan.

Ẹni tó béèrè

Mo ti padà dé o. Mo pẹ́ díẹ̀ torí mo fẹ́ ṣe gbogbo ohun tẹ́ẹ ní kí n ṣe.

Mo gbé màmá dání lọ wo méjèèjì. Èmi rò pé wọ́n á fẹ́ràn jíìpù torí ó ga, wọn ò ní tẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ inú ẹ̀ mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹpẹ ẹ̀gbẹ́, orúnkún kejì kọ̀, wọn ò lè gbé e. Èmi àtẹni tó ń tà á la gbé wọn wọlé, ojú sì ń tì wọ́n, mo rí i. Nídìí Corolla wọ́n yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n jókòó, wọ́n wá kó ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Jíjáde ló ṣòro díẹ̀, wọ́n ní kí n wá tìmùtìmù tó nípọn sórí ìjókòó. Ìyẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ fún mi.

Ẹni tó ni 4Runner sọ fúnra ẹ̀ pé òun ò yí kọ́nọ́bù yẹn rí látìgbà tóun ti ra á. A yí i, iná ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, kò dúró. Rédíétọ̀ mọ́, ṣáàsí dáa, àmọ́ kò ní ìwé kankan tó fi ohun tó ti ṣe sí i hàn. Ẹni tó ni Corolla gbé ìwé kékeré kan jáde, ọjọ́ tó yí ọ́ìlì àti iye kìlómítà ló kọ síbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, títí kan ọjọ́ tí wọ́n yí airbag. Ọ́ìlì gíà pupa. Rọ́bà CV joint kan ti ya lápá ọ̀tún, táyà ẹ̀ sì jẹ́ ti 2014, mo sì fi ìyẹn já owó.

Àǹtí, mo ṣe ti igi yẹn lẹ́yìn òjò. Nínú 6 kìlómítà gbogbo ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni kòtò ti mu igi kọjá àmì, kò sì gùn ju bíi 200 mítà lọ, kì í tiẹ̀ ṣe orí òkè, ìsàlẹ̀ ni. Èmi àti ará ilé méjì tó wà nítòsí ibẹ̀ ti fẹnu kò pé a máa da òkúta sí i.

Ẹni tó sọ ti ìjókòó, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n lọ wọ̀n ọ́n. Ìjókòó ọmọdé kan ṣoṣo ló kù nílé wa, ọmọ kejì ti kúrò nínú tiẹ̀, ó há díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀ ọ́. Tí màmá bá fẹ́ bá gbogbo wa jáde, a máa rìn ín lẹ́ẹ̀mejì.

Corolla la gbé. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ló kù: rọ́bà tó ya yẹn, ṣé kí n yí odindi ṣáàfù ni àbí rọ́bà nìkan?

Èsì kejì (mẹkáníìkì)

Ẹ kú oríire o. Tẹ́ẹ bá yí sítíárì dé òpin tí kò dún ta-ta-ta, rọ́bà nìkan ni, kí wọ́n fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n kó tuntun sí i. Tó bá ti ń dún, iyanrìn ti wọnú ẹ̀ nìyẹn, odindi ṣáàfù ni. Ẹ má wà á wọ ẹrẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.